Ẹ Fi Etí sí Igi Kí Ẹ Tó Tan Áńpù

Láìpẹ́ yìí ni wọ́n gbé báàsì olókùn-márùn-ún kan wá bá mi ní Ìsọlọ̀, láti ṣọ́ọ̀ṣì kan ní apá Máfolúkù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ti tún un ṣe ṣáájú, wọ́n sì ti pàtẹ́wọ́ fún un níwájú gbogbo ẹgbẹ́ akọrin. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ yá, pé kí wọ́n tó dán máíkì wò tán ló ti sọ báàsì tó le di èyí tó rọ̀ lábẹ́ ìka. Mo wo iṣẹ́ náà. Abẹ ayùn irin ló fi gbẹ́ nut, ó sì gbẹ́ ojú ibi tí okùn B ń gbà kọjá títí okùn náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lórí fret àkọ́kọ́. Ó yí saddle márààrún wálẹ̀ dé ìdí. Kò fọwọ́ kan ọrùn báàsì rárá. Nígbà tí okùn wá bẹ̀rẹ̀ sí í han lójú fret, wọ́n yí bass sókè lórí áńpù, wọ́n yí treble wálẹ̀, ariwo náà sì fara pamọ́. Wọ́n ní ó ti dára.

Ọmọ náà kò bí mi nínú tó àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún un. Bí a bá ń yin irú iṣẹ́ báyìí, ọmọ iṣẹ́ wo ni yóò tún fẹ́ jókòó ti báàsì kan láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́?

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí láti Òṣòdì dé Òkòtà, mi ò ní máa kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń so okùn tàbí bí wọ́n ṣe ń lo súpánà sí truss rod. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun kan wà tí gbogbo yín ń fò dá, òun ni mo fẹ́ bá yín sọ: ẹ kì í gbọ́ báàsì kí ẹ tó tan iná sí i. Ẹ ó gbé e lé itan, ẹ ó ki wáyà bọ̀ ọ́, ẹ ó tan áńpù, ẹ ó ní ẹ ti gbọ́ ọ. Áńpù lẹ gbọ́. Igi náà kò tíì bá yín sọ nǹkan kan.

Ìdí rẹ̀ rèé. Okùn B máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 31 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, E sì ń gbọ̀n ní ìgbà 41. Ọ̀pọ̀ áńpù tó wà nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa, kódà èyí tó ní sípíkà íńṣì 15, kò lè gbé 31 yẹn jáde bó ṣe yẹ. Ohun tí etí ń gbọ́ tó ń pè ní B, àwọn ìlọ́po rẹ̀ ni, 62 àti 93, àwọn ohùn kéékèèké tó ń tara okùn kan náà jáde. Ọpọlọ wa ló ń fi wọ́n parí èyí tó kù. Àwọn ohùn kéékèèké yẹn gan-an ni nut tí wọ́n gbẹ́ jù àti okùn tí kò jókòó dáadáa lórí saddle máa ń pa. Bí ẹ bá wá yí bass sókè, ògiri yóò máa gbọ̀n, olórí akọrin yóò máa ní kí wọ́n fi báàsì kún un, wọn yóò fi kún un, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ bóyá C lẹ ń tẹ̀ tàbí D.

C àti D yẹn náà la ṣe ń ra olókùn-márùn-ún. Olókùn-mẹ́rin parí sí E. Bí ẹni tó ń darí ìyìn bá bẹ̀rẹ̀ ní D, tó sì ṣàdédé gbé orin lọ sí E-flat, tí ẹni tó wà nídìí dùùrù sì bá a lọ, òkè ni olókùn-mẹ́rin yóò sá sí. B ló ń jẹ́ kí ẹ dúró nísàlẹ̀. Bí B yẹn bá wá kú, kí lẹ rà?

Kò sí ẹni tó bá B nílẹ̀ bí ẹni bá ogún bàbá rẹ̀. Ọdún 1951 ni Leo Fender gbé Precision Bass jáde, okùn mẹ́rin ló ní. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Fender ṣe olókùn-márùn-ún ní 1965, èyí tí wọ́n pè ní Bass V, okùn C ni wọ́n fi kún un lókè. Wọn kò fi B sí ìsàlẹ̀, àwọn ènìyàn kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbà á. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń ta báàsì bẹ̀rẹ̀ sí í wá B ní tiwọn. Títí di òní, òun ló ṣòro jù láti ṣe dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn báàsì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó wọlé, okùn mẹ́rin ni wọ́n ṣe ní tòótọ́. Ìkarùn-ún kàn wà níbẹ̀ ni.

Ẹ̀yìn ọjà Aswani ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ wà. Ìgbà tí jùjú ṣì gba ìlú ni, tí Ebenezer Obey àti Sunny Adé wà lẹ́nu gbogbo ayé, tí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó ń tẹ̀lé ipasẹ̀ wọn sì ń ti òde kan bọ́ sí òmíràn láti Friday títí ilẹ̀ Monday yóò fi mọ́. Okùn mẹ́rin ni gbogbo báàsì tó ń dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, okùn tuntun di ohun tí ẹgbẹ́ ń dáwó jọ rà. A máa ń se okùn ògbólógbòó nínú ìkòkò omi kí òógùn àti ìdọ̀tí tó ti há sáàárín lílọ́ rẹ̀ lè jáde. A ó nù ún gbẹ, a ó tún so ó padà, yóò sì tún dún ketekete fún ìgbà díẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ òórùn omi yẹn nígbà míì.

Ọ̀gá mi kò ní áńpù nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ọ̀kan nílé, kò gbé e wá. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ la fi ń gbọ́ gbogbo báàsì tó ń kọjá lọ́wọ́ wa. Ìwo òkè báàsì ni ẹ ó gbé sábẹ́ etí kí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan igi, ẹ ó di etí kejì, ẹ ó wá ta okùn kan ṣoṣo. Ohùn á gba inú egungun wọlé, pẹ̀lú gbogbo àbùkù rẹ̀. Bí mo bá yára gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kúrò lára igi, Ọ̀gá á ní, “Ìwọ ọmọ yìí, kò tíì sọ̀rọ̀ tán.” Màá tún gbé e padà.

Ọjọ́ kan wà tí mo tẹ̀lé e lọ wo báàsì tòkunbọ̀ kan ní Òṣòdì. Òṣòdì ìgbà yẹn ni mo ń sọ, kó tó di pé ìjọba Gómìnà Fáṣọlá kó àwọn ìsọ̀ kúrò ní oṣù kìíní ọdún 2009. Ojú irin gan-an ni ọjà wà, bí rélùwéè bá fọn fèrè kálukú á kó ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn, á tún tẹ́ ẹ padà. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pe Mile 2, òmíràn ń pe Ìyànà-Ìpájà, alágbo ń polówó nínú ẹ̀rọ. Láàárín ariwo yẹn, Ọ̀gá jókòó lórí kéréètì mínírà, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé igi, ó di etí, ó bẹ̀rẹ̀ láti fret àkọ́kọ́, ó ń tẹ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí okùn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń tà á bínú. Ó ní òun ní áńpù, kí wọ́n jẹ́ kí òun fi iná sí i kí wọ́n gbọ́ nǹkan. Ọ̀gá kò dá a lóhùn. Nígbà tó dé okùn G, ní apá fret karùn-ún sí ìkeje, ó dúró, ó tún ibì kan ta, ó ní, “Ó kú síbí.” Ọkùnrin náà fi iná sí i lóòótọ́, báàsì náà ké kíkankíkan, àwọn tó dúró ti wa ń jó. A kò rà á.

Bí ẹ bá wá fẹ́ ra olókùn-márùn-ún lónìí, bí ó ti wù kí orúkọ ara rẹ̀ jẹ́, Yamaha ni o, Ibanez ni o, ẹ ṣe bí Ọ̀gá ti ṣe. Ẹ ta B lásán kí ẹ jẹ́ kó kú fúnra rẹ̀. Ẹ wá tẹ B ní fret 5, E nìyẹn. Ẹ ta okùn E gan-an tẹ̀ lé e. Ọmọ ìyá ló yẹ kí méjèèjì jẹ́. Bí èkíní bá ń kùn bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu, tí èkejì sì là gedegbe, ẹ gbé e sílẹ̀, áńpù kankan kò ní wò ó sàn. Ẹ wo bí okùn B ṣe ń ti orí nut lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wé e: bó bá yà bàrà, ìyà ni. Àwọn kan á sọ fún yín pé báàsì tí okùn rẹ̀ gùn ní íńṣì 35 láti nut dé saddle nìkan ni B ti ń dún. Mo ti gbọ́ íńṣì 34 tó dún ju íńṣì 35 lọ, nítorí pé ibi tí ọrùn ti wọ inú ara fún pinpin, kò sí àlàfo. Ẹni tó bá ń fi àtàǹpàkò gbá okùn, kó wá èyí tí okùn rẹ̀ jìnnà síra ní 19 mílímítà nídìí bridge. Ọwọ́ kékeré lè wá 17. Kí ẹ sì gbé e kọ́ èjìká kí ẹ tó sanwó. Báàsì tó lé ní kílò márùn-ún á sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ní agogo mẹ́ta òru nínú ìsọ́ òru.

Ó ku títò rẹ̀. Okùn tuntun ni àkọ́kọ́, B tó nípọn 130 ó kéré tán, kí ẹ sì ká orí rẹ̀ kọ́rọ́ kí ẹ tó gé e kí lílọ́ má baà yọ̀ nínú. Ẹ fa gbogbo wọn dé ohùn wọn. Okùn márùn-ún yẹn ń fa ọrùn pẹ̀lú agbára tó sún mọ́ kílò 100, àpò síméńtì méjì gbáko; ẹni tó bá ń yí truss rod nígbà tí okùn dẹ̀, kí ló ń wọ̀n? Kí àlàfo àárín ọrùn wà ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mílímítà. Ìdámẹ́rin ìyípo kan ni ẹ ó máa yí lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó dúró kí igi gbà á, ẹ ó tún gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Nígbà ọyẹ́, etí fret á yọ síta nítorí igi ti sún kì, ọrùn náà á sì ti yí padà. Ẹ má lo ìwọ̀n òjò fún un.

Ní fret 12, kí G ga tó mílímítà méjì, kí B sún mọ́ mẹ́ta. B kò nà tó àwọn yòókù, ó ń fì gbòòrò, ó nílò àyè. Ẹni tó bá ní kí B sùn sílẹ̀ bíi G, ẹ sọ fún un pé kò ṣeé ṣe.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. B nípọn, kì í fẹ́ tẹ̀. Bó bá dé orí saddle, ńṣe ló máa ń gba orí rẹ̀ kọjá bí ọrun, kò ní já wálẹ̀ lójú kan. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ pẹ̀lẹ́ níwájú saddle gan-an, kí ẹ ṣe bákan náà níwájú nut. Kó tó tẹ̀ àti lẹ́yìn tó tẹ̀, ẹ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé igi kí ẹ ta á. Ohùn rẹ̀ á ṣí lójú yín. Kò gba ìṣẹ́jú kan, kò gba kọ́bọ̀, mi ò sì rí ẹni mẹ́ta nínú yín tó ń ṣe é. Ẹ óò wá máa ti saddle síwá sẹ́yìn pé B kò bá ara rẹ̀ mu ní fret 12, nígbà tó jẹ́ pé okùn náà kò tíì jókòó.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó tan áńpù. Kí ẹ má gbé pickup sún mọ́ B jù, mágnẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á máa fa okùn, ohùn á máa wárìrì. Bó bá ń lo bátìrì, kí ẹ kọ́ ẹni tó ni ín láti máa yọ wáyà lẹ́yìn ìsìn, kí bátìrì má baà tán sórí ìjókòó.

Mo mọ ohun tí ẹ máa ń fi dá mi lóhùn: “Bàbá, áńpù kò gbé ariwo yẹn jáde.” Okùn tó ń gbá fret ń fi agbára rẹ̀ ṣòfò níbẹ̀ ni, ohùn tó yẹ kó pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá á kú ní mẹ́rin. Nínú jùjú, báàsì àti gángan jọ máa ń rìn ni, báàsì a dákẹ́ kí gángan sọ tirẹ̀, a sì di ohùn rẹ̀ mú títí gángan yóò fi padà. Báàsì tí ohùn rẹ̀ ń kú lójú ọ̀nà kò lè dúró de ẹnikẹ́ni. Mo gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn nínú ìyìn ọjọ́ Sunday báyìí, ó sì ń dùn mí.

Nut tí ọmọ yẹn bàjẹ́ kò ṣeé dá padà. Àwọn kan máa ń fi gáàmù àti bakin-sódà dí i. Ìyẹn kò lè ju oṣù díẹ̀ lọ lábẹ́ okùn tó nípọn tó B. Egungun itan màlúù ni mo fi ṣe tuntun: mo sè é kí ọ̀rá jáde, mo sá a kó gbẹ, mo rẹ́ ẹ, mo fi fáìlì tó bá ìwọ̀n okùn kọ̀ọ̀kan mu la ojú rẹ̀. Mo tún ọrùn tò, mo gbé saddle sókè, mo tẹ B jókòó. Àwọn tó ni ín gbé e lọ ní Thursday, wọ́n ní ó le díẹ̀ lọ́wọ́ ju ti tẹ́lẹ̀. Ó le. Láti ìgbà náà àwọn ṣọ́ọ̀ṣì míì ti ń pè mí pé àwọn fẹ́ gbé tiwọn wá ní àárọ̀ Sunday, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́jọ. Kí wọ́n gbé e wá ní Monday.