Ọlọ́run Rántí Ẹranko Pẹ̀lú

*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*

  

*Bíbélì kíkà:* 2 Sámúẹ́lì 12:1–6
*Ẹsẹ tí a ó dúró lé:* Jẹ́nẹ́sísì 8:1
*Kókó:* Ẹ má ṣe fi ọ̀fọ̀ ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́

Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ ni mo fẹ́ fi kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ lónìí.

Ìyá kan wà nínú kíláàsì Bíbélì wa ní Òkè-Ìléwó níbí. Opó ni wọ́n, àwọn ọmọ wọn sì ti tú ká síbi iṣẹ́. Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, iléeṣẹ́ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn kó lọ. Wọ́n kó tábìlì, wọ́n kó àga, wọ́n tú ẹ̀rọ amúlétutù lára ògiri, ṣùgbọ́n wọ́n fi ajá tó ti ń ṣọ́ géètì fún wọn láti ọjọ́ pípẹ́ sílẹ̀. Ajá náà ti darúgbó. Irun ẹnu rẹ̀ ti funfun, ojú rẹ̀ kan ti ń ṣe bàìbàì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbé e mọ́. Ó dùbúlẹ̀ sẹ́nu géètì tí wọ́n tì pa, ó ń retí àwọn tí kò ní padà wá. Ẹ sì mọ bí mọ́tò àti ọ̀kadà ṣe ń sáré ní àdúgbò wa yìí. Àwọn àgbà ní ajá tó rí mọ́tò tó dúró, ó fi ara rẹ̀ bọ Ògún ni. Ti èyí kì í ṣe agídí o. Kò lè sáré mọ́ ni.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ìyá gbé omi fún un. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n po ìrẹsì tó kù mọ́ omi ẹran fún un. Lọ́jọ́ kẹta, ajá dìde, ó tẹ̀ lé wọn wọlé. Wọ́n sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, orúkọ ajá máa ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bí ẹni tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣọ́ ilé onílé bá lè di ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ sójú títì, ta ni mọ̀la?

Tanímọ̀la lò ju ọdún méjì lọ lọ́dọ̀ wọn. Ìyá gbé e lọ gbabẹ́rẹ́, wọ́n tẹ́ àpò fún un lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bó bá ti ń di aago márùn-ún ìdájí, yóò fi èékánná ha ilẹ̀kùn pé òun fẹ́ jáde. Ohun tó ń jí Ìyá fún àdúrà nìyẹn. Nígbà tó yá, lásìkò òjò, ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kan, ilẹ̀kùn ò sì dún.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, lẹ́yìn kíláàsì, Ìyá sún mọ́ mi, wọ́n rọra bi mí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ó burú bí mo bá wá dúpẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi nítorí Tanímọ̀la?” Ẹ̀yin ará, ẹ̀rín ni mo bú sí. Mo ní, “Ìyá, ajá mà ni!” Arákùnrin kan tó dúró tì wá tún fi Ìfihàn 22:15 kún un, pé ìta ni àwọn ajá máa wà. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá ò jiyàn. Wọ́n gbé Bíbélì wọn, wọ́n lọ sílé. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mi ò rí wọn. Èyí tó tẹ̀ lé e, mi ò rí wọn.

Ìgbà yẹn ni mo ń ka Sámúẹ́lì Kejì nínú ètò Bíbélì kíkà mi, mo sì dé orí kejìlá.

*ẸKỌ́ KÌÍNÍ: DÁFÍDÌ Ò RẸ́RÌN-ÍN*

Ọlọ́run rán wòlíì Nátánì sí ọba lórí ọ̀rọ̀ ńlá: panṣágà àti ìpànìyàn. Ìtàn wo ni Nátánì mú lọ? Ìtàn tálákà kan tí kò ní ju abo àgùntàn kékeré kan lọ. Ó tọ́ ọ dàgbà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Nínú oúnjẹ rẹ̀ ni ó ti ń jẹ, nínú ife rẹ̀ ni ó ti ń mu, àyà rẹ̀ ni ó ń sùn sí, bí ọmọbìnrin ló sì rí sí i. Olówó kan wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa á fún àlejò.

Dáfídì, jagunjagun tó ti pa Gòláyátì, ò sọ pé, “Àgùntàn mà ni!” Inú bí i. Ó búra pé ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ yẹ fún ikú. Ó ti ṣe olùṣọ́ àgùntàn rí, ó mọ̀ pé èèyàn lè fẹ́ràn ẹranko dé ibi tí pípàdánù rẹ̀ yóò ti dá ọgbẹ́ sí i lọ́kàn. Ká ní irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ohun ẹlẹ́yà níwájú Ọlọ́run ni, Nátánì ì bá má fi já ọkàn ọba. Ibi tí ọba Ísírẹ́lì ti bínú nítorí tálákà ni èmi ti rẹ́rìn-ín opó.

*ẸKỌ́ KEJÌ: ẸNI TÓ SÌN Ẹ́ PẸ́ KÌ Í ṢE PÀǸTÍ*

Ẹ ka Númérì 22:28–33. Nígbà tí Ọlọ́run la ẹnu kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Báláámù, ohun tó rán Báláámù létí ni iye ọjọ́ tó ti ń gbé e kiri láìdà á rí. Áńgẹ́lì Olúwa pàápàá sì bi Báláámù ìdí tó fi na ẹran náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìwé Òwe 12:10 fi kún un pé olódodo a máa ka ẹ̀mí ẹran ọ̀sìn rẹ̀ sí. Nínú òfin ọjọ́ ìsinmi (Ẹ́kísódù 23:12), Ọlọ́run rántí màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kó tó dé orí ọmọ ìránṣẹ́ àti àlejò.

Àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́ mọ èyí. Ní London, ní June 16, 1824, àwọn èèyàn kan dá ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti ìwà ìkà sí ẹranko sílẹ̀. Àlùfáà Áńgílíkà kan, Arthur Broome, ló léwájú wọn, gbèsè ẹgbẹ́ náà sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. William Wilberforce wà lára wọn, ọkùnrin tó fi ọ̀pọ̀ ọdún jà kí òfin tó fòpin sí òwò ẹrú tó jáde lọ́dún 1807. Òfin yẹn ló mú kí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba Àjàyí Crowther sílẹ̀ lọ́dún 1822, tí wọ́n fi gbé e dé Freetown. Abẹ́òkúta níbí ló ti tún rí ìyá rẹ̀ lọ́dún 1846, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti pínyà. Ọkàn kan náà tó ṣàánú ẹrú ló ṣàánú ẹṣin àti màlúù. Àwa ọmọ Ẹ̀gbá, tí àwọn baba wa sá wá sábẹ́ Olúmọ lọ́dún 1830, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa sì tọ́ adùn ìgbàlà láti oko ẹrú, kò yẹ ká fi àánú ṣe ẹlẹ́yà.

*ẸKỌ́ KẸTA: RÍRÁNTÍ KÌ Í ṢE ÌBỌ̀RÌṢÀ*

Ẹsẹ wa tòní sọ pé nígbà tí omi bo ilẹ̀, Ọlọ́run rántí Nóà. Ibẹ̀ kọ́ ló parí sí o. Ó rántí gbogbo ẹranko àti ẹran ọ̀sìn tó wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Jónà 4:11 tún fi hàn wá pé bí Ọlọ́run ṣe ń ka àwọn èèyàn Nínéfè, Ó ka ohun ọ̀sìn wọn mọ́ ìdí tí Ó fi ń ṣàánú. Ológoṣẹ́ kan kì í bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn Baba wa (Mátíù 10:29). Bí Baba bá rí ológoṣẹ́, ó rí Tanímọ̀la.

Ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa. Ajá kì í ṣe èèyàn. Jésù náà sọ pé a níye lórí ju ológoṣẹ́ lọ. A kì í gbàdúrà sí ajá tó kú, a kì í sì í fi ọmọ ẹni sílẹ̀ lébi nítorí ajá. Ṣùgbọ́n Ìfihàn 22:15 tí wọ́n fi pa Ìyá lẹ́nu mọ́, àárín àwọn oṣó, apànìyàn àti onírọ́ ni “ajá” wà níbẹ̀; ìwà èèyàn ló ń bá wí, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń ṣọ́ ilé. Ajá náà ló sì ń lá egbò Lásárù nígbà tí olówó kọjá lára rẹ̀ (Lúùkù 16:21).

Ṣé a ó tún rí wọn? Bíbélì ò sọ ọ́ fún wa ní pàtó. Ohun tó sọ ni pé gbogbo ìṣẹ̀dá ń kérora, wọ́n sì ń retí òmìnira (Róòmù 8:19–22). Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sọ́wọ́ Ẹni tó dá wọn.

*MO LỌ BẸ̀BẸ̀*

Mo lọ sílé Ìyá. Àpò yẹn ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ kú ara fẹ́ra kù.” Wọn ò dáhùn fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n ní, “Ẹ̀yin lẹ́ kọ́kọ́ kí mi.” Wọ́n ní kì í ṣe pé àwọn ò mọ̀ pé ajá ni. Wọ́n ní láti ìgbà tí Bàbá ti kú, òun nìkan ni nǹkan ẹlẹ́mìí tó ń mí nínú ilé lálẹ́, tí àwọn bá ta jí. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì fẹ́ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní rárá, ká ṣe é níbẹ̀. A gbàdúrà, a dúpẹ́ fún ọdún méjì àti oṣù mélòó kan tí Ọlọ́run fi ajá arúgbó ṣọ́ opó, tí Ó sì fi opó tọ́jú ajá arúgbó. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Ìyá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n sọ fún mi pé aago márùn-ún làwọn ṣì ń jí. Ilẹ̀kùn ò dún mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbàdúrà.

*OHUN TÍ A LÈ ṢE*

1. Bí ẹ bá ń kó kúrò nílé, ẹ má fi ajá sílẹ̀ sójú títì. Ẹ wá ẹni tí yóò gbà á.
2. Láti bí ọdún méje ni ọ̀pọ̀ ajá ti ń di àgbà. Ẹ fún un ní oúnjẹ rírọ̀, omi mímọ́ àti ibi gbígbẹ tó lè sùn.
3. Ẹ gbà á lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọọdún, pàápàá èyí tí ẹ gbà láti ìta. A ní dókítà ẹran nílùú wa, ilé ìwòsàn ẹranko ti FUNAAB náà sì wà. Bí ajá bá bu èèyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ọsibítù lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi ata tàbí epo sí i.
4. Bó bá kú, ẹ má jù ú sí ààtàn tàbí odò. Ẹ gbẹ́lẹ̀ jìn, kó jìnnà sí kànga, kí ẹ sì sin ín. Bó bá jẹ́ pé ìwà rẹ̀ yí padà lójijì kó tó kú, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pe dókítà ẹran.
5. Bí ọmọdé bá ń sunkún ajá rẹ̀, ẹ má nà án, ẹ má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó ń rántí, kí ẹ bá a dúpẹ́.

*ÌBÉÈRÈ FÚN ÀṢÀRÒ*
Ta ni mo ti fi ìbànújẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín nítorí pé ó kéré lójú mi? Ṣé mo lè pè é lónìí?

*ÀDÚRÀ*
Baba wa, Ìwọ tó rántí Nóà, tó tún rántí àwọn tí kò lè sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, a dúpẹ́ fún gbogbo ẹ̀mí tí O fi ṣe alábàárìn wa. Dárí jì wá níbi tí a ti fi ọ̀fọ̀ ọmọnìkejì ṣeré. Tu àwọn tó wà ní àwọn nìkan nínú ilé lónìí nínú. Fún wa ní ọkàn tí kì í gbàgbé ẹni tó sìn wá nígbà tí agbára rẹ̀ bá tán, torí pé àwa náà ń darúgbó bọ̀. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó nílò rẹ̀. Ire o, a ó tún pàdé lọ́la bí Olúwa bá fẹ́.