Oúnjẹ Àgbébọ̀ Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Yé Ẹyin

Adìyẹ ìbílẹ̀ kì í béèrè ohun púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí a sì ti ṣí àgò fún un, a jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tú ilẹ̀ kiri. Níbẹ̀ ni ó ti ń rí ìdin, tata, ekòló, ewé tútù, àti ọkà tí ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ọlọ. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ìyàwó ilé a bu èérí ògì sílẹ̀ fún un. Àwọn ìyá àgbà tilẹ̀ a máa wá ikán lọ sí oko kí wọ́n lè fi bọ́ òròmọdìyẹ. Kò sí ìwé tí ó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ojú ni wọ́n fi rí i pé òròmọdìyẹ tí ó ń rí ikán jẹ a máa tètè hu ìyẹ́, a sì máa yára dàgbà ju èyí tí ó ń jẹ àgbàdo nìkan lọ. Ohun tí ojú wọn rí yìí ni àwọn onímọ̀ wá fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún wádìí, tí wọ́n sì fún ní orúkọ.

Àgbébọ̀ tí a ń sìn nínú ilé lóde òní yàtọ̀ sí èyí. Kò sí ẹ̀yìnkùlé fún un, kò sì sí ikán. Ohun tí olówó rẹ̀ bá dà sínú ọpọ́n rẹ̀ nìkan ni yóò jẹ, yálà ó tó o tàbí kò tó o. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́ kì í ṣe kékeré. Adìyẹ ìbílẹ̀ a máa yé nǹkan bí ẹyin 40 sí 60 lọ́dún, a sàba lé wọn, a sì kó ọmọ rẹ̀ kiri. Ṣùgbọ́n àgbébọ̀ pupa tí àwọn olùsìn adìyẹ ń rà ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti ní Òṣogbo lè yé tó 300 láàárín ọdún kan. Bí ẹyin kọ̀ọ̀kan bá wọn 60 gírámù, ẹyin 300 di kílò 18. Adìyẹ tí òun fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju kílò 2 lọ ni ó ń ti inú ara rẹ̀ mú kílò 18 jáde lọ́dún! Kò sí ibòmíràn tí yóò ti rí i bí kò ṣe nínú oúnjẹ.

Nínú gbogbo ọjọ́ ayé irú àgbébọ̀ bẹ́ẹ̀, ìgbà tí ó léwu jù lọ fún un, tí ó sì léwu jù lọ fún àpò olówó rẹ̀, ni ọ̀sẹ̀ méjìlá àkọ́kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Láti ọjọ́ tí ó ti jáde nínú èèpo ẹyin títí di ọ̀sẹ̀ 18, ó ti jẹ oúnjẹ tí ó tó kílò 6 tàbí 7 láì tíì yé ẹyin kan ṣoṣo. Olùsìn adìyẹ ti ná owó oúnjẹ, owó abẹ́rẹ́ àjẹsára àti owó òṣìṣẹ́. Ẹlòmíràn tilẹ̀ ti yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọjọ́ sísan rẹ̀ sì ti ń sún mọ́lé. Ní ọ̀sẹ̀ 18 sí 20 ni ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹyin àkọ́kọ́. Nígbà tí ó bá fi di ọ̀sẹ̀ 28 tàbí 30, ó yẹ kí adìyẹ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá máa yé lójoojúmọ́. Èyí ni òkè tí agbo adìyẹ ń gùn. Agbo tí oúnjẹ kò bá jẹ́ kí ó gun òkè náà dé orí, ó ṣòro kí ó tó tún padà gùn ún.

Ohun tí ó fà á ni pé iṣẹ́ mẹ́ta ni ó já lé àgbébọ̀ ọ̀dọ́ lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń yé ẹyin. Ó ń dàgbà lọ́wọ́, nítorí pé kílò kan àti ààbọ̀ péré ni ọ̀pọ̀ wọn ń wọn ní ọ̀sẹ̀ 18. Ìyẹ́ àti ẹran ara rẹ̀ kò sì tíì gbó tán. Ẹyin náà pàápàá ń tóbi sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀: èyí tí ó kọ́kọ́ yé lè ṣàìju 45 gírámù lọ, kí ó tó di pé ó dé 60. Ṣùgbọ́n ní àkókò tí iṣẹ́ pọ̀ tó báyìí gan-an ni oúnjẹ tí ó ń jẹ kéré jù lọ. Àgbébọ̀ tí ó ti gbó dáadáa a máa jẹ nǹkan bí 110 sí 120 gírámù lójúmọ́. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò lè jẹ ju 90 sí 100 lọ, nítorí pé inú rẹ̀ kò tíì gbà jù bẹ́ẹ̀.

Èròjà tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí a ń pè ní amúaradàgbà. Òun ni ó pọ̀ jù lọ nínú ẹran ara, òun ni ìyẹ́, òun náà ni ó wà nínú funfun ẹyin yàtọ̀ sí omi. Ẹyin kan ṣoṣo a máa ní gírámù 6 sí 7 amúaradàgbà nínú. Nítorí pé kì í ṣe gbogbo ohun tí adìyẹ jẹ ni ó ń di ẹyin, ó nílò nǹkan bí gírámù 16 sí 17 lójúmọ́ kí ó tó lè yé, kí ó sì tún dàgbà. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Oúnjẹ tí ó ní ìdá 15 amúaradàgbà nínú 100 yóò fún adìyẹ tí ó ń jẹ 110 gírámù ní gírámù 16 àti ààbọ̀. Ó tó. Ṣùgbọ́n láti inú àpò oúnjẹ kan náà, àgbébọ̀ ọ̀dọ́ tí ó ń jẹ 90 gírámù kò ní rí ju gírámù 13 àti ààbọ̀ lọ. Bí a bá sọ oúnjẹ náà di ìdá 18 nínú 100, yóò rí gírámù 16 ó lé díẹ̀. Nítorí náà, àpò oúnjẹ tí ó yẹ ìyá lè ṣàìyẹ ọmọ.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá dúró níbí kò tíì mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Amúaradàgbà kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Àwọn èròjà wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní àmínò ásíìdì ni wọ́n so pọ̀ di amúaradàgbà. Irú wọn sì tó ogún. A lè fi iṣẹ́ àwọn ahunṣọ wé e. Bí ahunṣọ kan bá ń hun aṣọ òfì tí a ti pinnu àwọ̀ rẹ̀, tí òwú funfun, òwú pupa àti òwú aláró sì gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ ní ìwọ̀n tirẹ̀, ọjọ́ tí òwú pupa bá tán ni iṣẹ́ dúró, bí òwú funfun tilẹ̀ kún yàrá. Òwú kan wà tí ahunṣọ lè rẹ láró fúnra rẹ̀. Òmíràn wà tí ó di dandan kí ó rà á lọ́jà. Bákan náà ni adìyẹ lè fúnra rẹ̀ ṣe díẹ̀ nínú àwọn àmínò ásíìdì wọ̀nyí, ṣùgbọ́n nǹkan bí mẹ́wàá wà tí kò lè ṣe, tí ó jẹ́ pé inú oúnjẹ nìkan ni ó ti lè rí wọn. Nínú àwọn wọ̀nyí, lysine àti methionine ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ tán.

Ní ọdún 1914, àwọn onímọ̀ méjì ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Thomas Osborne àti Lafayette Mendel, fi èyí hàn kedere. Wọ́n bọ́ àwọn eku ní oúnjẹ tí ó jẹ́ pé amúaradàgbà tí wọ́n yọ láti inú àgbàdo, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ zein, nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn eku náà ń jẹun, ṣùgbọ́n wọ́n ń rù. Wọ́n fi tryptophan kún un: rírù náà dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n àwọn eku kò dàgbà. Ìgbà tí wọ́n tún fi lysine kún un ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Èyí ni àlàyé òròmọdìyẹ tí ń jẹ àgbàdo nìkan, tí àwọn ìyá àgbà ti rí tipẹ́.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣirò tí ó tẹ̀ lé èyí. Nínú 100 gírámù àgbàdo, amúaradàgbà jẹ́ nǹkan bí 9. Nínú 100 gírámù kúlíkúlí, èyíinì ni èpà tí a ti fún òróró rẹ̀, ó jẹ́ nǹkan bí 45. Bí olùsìn adìyẹ bá po ìwọ̀n àgbàdo mẹ́ta mọ́ ìwọ̀n kúlíkúlí kan, ìdá 18 nínú 100 gan-an ni yóò rí. Yóò rò pé òun ti bọ́. Ṣùgbọ́n lysine inú 90 gírámù àpòpọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ààbọ̀ gírámù lọ, nígbà tí àgbébọ̀ nílò nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá gírámù. Methionine inú rẹ̀ kò sì lé púpọ̀ ní ìdajì ohun tí ó nílò. Òwú funfun kún yàrá, òwú pupa ti tán. Bí ó bá fi ẹ̀wà sóyà tí a ti fún òróró rẹ̀ rọ́pò kúlíkúlí, lysine yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Síbẹ̀ methionine kò ní ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Ẹja gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná ni ó ní méjèèjì lọ́pọ̀lọpọ̀, ìdí nìyí tí ó fi wọ́n lọ́jà. Àwọn tí ń po oúnjẹ adìyẹ lónìí a máa fi ẹja náà sí i níwọ̀nba, wọn a sì fi ẹ̀lú methionine tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ dí àlàfo tí ó kù. Kílò kan tàbí kí ó lé díẹ̀ nínú 1,000 kílò oúnjẹ sábà máa ń tó.

Ìṣọ́ra ṣe pàtàkì nínú rírà àwọn nǹkan wọ̀nyí. Àwọn oníwọra a máa po iyanrìn mọ́ ẹja lílọ̀. Bí a bá da díẹ̀ sínú omi, iyanrìn yóò rì sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀wà sóyà tútù ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí amúaradàgbà dà nínú adìyẹ. Iná ni ó ń pa á, nítorí náà ó gbọdọ̀ di yíyan tàbí sísè. Kúlíkúlí tí ó bu ni ó burú jù. Ní ọdún 1960, tòlótòló tí ó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó pa wọ́n, títí a fi rí i pé èpà lílọ̀ tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Brazil ni wọ́n jẹ. Olú wẹ́wẹ́ kan ti hù sí i, ó sì ti tu oró tí a wá ń pè ní aflatoxin sínú rẹ̀. Èpà tí a kò sá gbẹ kí a tó kó o pamọ́ lè ní oró yìí níbikíbi láyé.

Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni ìkarahun. Àgbébọ̀ nílò rẹ̀ láti ṣe èèpo ẹyin, ìkarahun àti eegun lílọ̀ a sì máa gba nǹkan bí kílò 10 nínú gbogbo 100 kílò oúnjẹ rẹ̀. Kò sí lysine tàbí methionine nínú ìkarahun. Àpòpọ̀ tí ó jẹ́ ìdá 18 tẹ́lẹ̀ di nǹkan bí ìdá 16 nígbà tí a bá fi èyí sí i, bí ẹni tí ó po ó kò bá ti ronú sí i ṣáájú.

Ooru náà a máa bu oúnjẹ adìyẹ kù. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Ní ti òótọ́, adìyẹ kò ní ihò òógùn rárá. Ẹnu ni ó ń yà, tí ó sì ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, kí ooru lè jáde lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà kò jìnnà sí ìdí ọ̀rọ̀, nítorí pé adìyẹ lè wà nínú ìnira kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, nígbà tí oòrùn bá mú gan-an, àgbébọ̀ a máa jẹun díẹ̀, a sì máa mu omi púpọ̀. Àfẹ̀mọ́jú àti ìrọ̀lẹ́ ni kí a fún un ní oúnjẹ nígbà náà, kí oúnjẹ ọ̀hún sì lọ́ràá ní lysine àti methionine ju ti ìgbà òjò lọ.

Ẹlòmíràn lè rò pé kí a kúkú da amúaradàgbà sí i títí yóò fi pọ̀ rẹpẹtẹ. Èyí kò gbọ́n. Ara adìyẹ kì í kó àmínò ásíìdì pamọ́ bí ó ti ń kó ọ̀rá pamọ́. Èyí tí kò bá rí lò, a fọ́ ọ, a sì yàgbẹ́ rẹ̀ dànù. Òun ni ohun funfun tí a ń rí lórí ìgbẹ́ adìyẹ. Owó ni olówó ń dà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìgbẹ́ náà a sì máa rùn débi tí ojú adìyẹ àti ti olùtọ́jú yóò fi máa ta wọ́n.

Bí oúnjẹ kò bá tó, adìyẹ kì í sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní. Ohun tí ó burú nínú ọ̀ràn yìí nìyí. Àgbébọ̀ ọ̀dọ́ a máa yé lọ, a máa yá ẹran ara ara rẹ̀ lò láti fi ṣe ẹyin, inú olówó rẹ̀ a sì máa dùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹyin á kọ̀ láti tóbi. Ìyẹ́ ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Àwọn kan á máa ṣá ara wọn jẹ. Nígbà tí ó bá sì fi di ọ̀sẹ̀ 30 tàbí 35, ẹyin á já wálẹ̀ lójijì. Ọ̀pọ̀ a sáré wá oògùn kiri, nígbà tí ó jẹ́ pé oúnjẹ oṣù méjì sẹ́yìn ni ó fà á.

Nítorí náà ni àwọn tí iṣẹ́ yìí yé dáadáa kì í fi ẹyin nìkan ṣe àmì. Láti ọ̀sẹ̀ 18 títí di ọ̀sẹ̀ 30, wọn a máa mú àádọ́ta nínú agbo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọn a gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ìwọ̀n, wọn a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ìwọ̀n ara bá ń gòkè bí ẹyin ti ń pọ̀ sí i, oúnjẹ tó. Bí ẹyin bá ń pọ̀ tí ìwọ̀n ara sì dúró tàbí tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, wọn a tún àpòpọ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an. Ìgbà tí adìyẹ bá ti ń jẹ tó 110 gírámù lójúmọ́, tí ìwọ̀n ara rẹ̀ sì ti dúró nítòsí kílò 2, ni wọ́n tó ń dín amúaradàgbà kù sí ìdá 16, díẹ̀díẹ̀, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan.