Ìsinmi fún Koríko

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ilé-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí tí a bá lọ kọ́ni, a kò ní ṣàì bá ewúrẹ́ níbẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, a máa ń so wọ́n mọ́ èèkàn kí wọ́n má baà jẹ ẹ̀gẹ́ aládùúgbò, kí ìjà má sì ṣẹ̀. Èyí dára, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni ìyá mi ń so tirẹ̀ sí lójoojúmọ́, títí ilẹ̀ ibẹ̀ fi pa lórí, tí ewúrẹ́ náà sì rù. A ní àìsàn ni.

Ewé ni koríko fi ń ṣe oúnjẹ láti inú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, a sì máa tọ́jú díẹ̀ sí gbòǹgbò àti ìdí rẹ̀. Bí ẹran bá jẹ ewé náà, ohun ìpamọ́ yìí ni yóò fi rúwé titun. Bí ẹran bá tún jẹ ẹ́ kí ó tó dá a padà, gbòǹgbò á kúrú, koríko á kú, èpò tí ẹran kì í jẹ á sì gba ipò rẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa ṣí èèkàn kiri.

Ní ti èèsún, gígé ni ó yẹ ẹ́, ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kí a sì ṣẹ́ ìdí rẹ̀ kù. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ó di igi lẹ́nu ẹran.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ fi ewé agúnmániyè kún un. Àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn dán an wò fún ewúrẹ́ àti àgùntàn ní àwọn ọdún 1980. Ẹ̀ka rẹ̀ tí a gún mọ́lẹ̀ a máa hù. Ẹran lè kọ̀ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́ nítorí òórùn rẹ̀. Bí a bá sá a títí yóò fi rọ, yóò jẹ ẹ́.