Òfin Kẹrin: Níbo Ni Òbí Wa Tí Ó Ti Darúgbó Yóò Máa Gbé?

Ìwé Mímọ́ fún ẹ̀kọ́ yìí: Ẹ́ksódù 20, 12; Sírákì 3, 1-16; Máàkù 7, 9-13; Jòhánù 19, 25-27.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún ìrìbọmi,

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn ọmọdé nìkan ni Ọlọ́run ń bá wí nígbà tí ó pàṣẹ pé kí a bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Katikísímù Ìjọ Kátólíìkì (nọ́ńbà 2217 àti 2218) kọ́ wa pé ìgbọràn ọmọdé a máa dópin nígbà tí ó bá dá dúró, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kì í dópin. Ojúṣe ọmọ tí ó ti dàgbà ni láti ran òbí rẹ̀ lọ́wọ́, bí agbára rẹ̀ bá ti mọ, nígbà ogbó àti nígbà àìsàn. Àwọn bàbá wa náà mọ èyí, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu.

1. Ìṣòro tí ó wà níwájú wa

Láyé àtijọ́, agbo ilé kún fún ènìyàn. Lónìí, ọmọ kan wà ní Kútọnu, èkejì wà ní Lomé, ẹ̀kẹta wà ní ilẹ̀ Faransé. Ìyá nìkan ni ó kù ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e mọ́. Ṣé kí a mú un wá sọ́dọ̀ wa ni? Ṣé kí a wá ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ nílé? Àbí kí a mú un lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà? Ohun tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ dẹ́rù bà wá ni pé: "Kí ni ayé yóò wí?"

Òfin Kẹrin kò bi wá léèrè ohun tí ayé yóò wí. Ó bi wá bóyá a ń bọlá fún òbí níbi tí ó wà. Arúgbó lè wà nínú ilé ọmọ rẹ̀, kí ó máa jẹun lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ ní yàrá ẹ̀yìn, kí ẹnikẹ́ni má sì bá a sọ̀rọ̀. Òmíràn lè wà ní ilé ìtọ́jú, kí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ má sì wọ́n níbẹ̀.

2. Ohun tí Ìwé Mímọ́ kọ́ wa

Jésù bá àwọn tí ó sọ ohun ìní wọn di Kọ́bánì wí: wọ́n ní ti Ọlọ́run ni, kí wọ́n má bàa fi ran òbí wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, iṣẹ́ ìjọ kò lè jẹ́ àwáwí fún ẹni tí ó pa òbí rẹ̀ tì.

Lórí àgbélébùú, nígbà tí Jésù kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú ìyá rẹ̀ mọ́, ó fà á lé ọmọ ẹ̀yìn tí ó fẹ́ràn lọ́wọ́. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, nígbà náà, láti fa òbí lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ nígbà tí agbára wa kò bá ká a. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: Jésù mọ ẹni tí ó fà á lé lọ́wọ́.

Ìwé Sírákì kìlọ̀ pé kí ọmọ má ṣe kẹ́gàn bàbá rẹ̀ bí iyè rẹ̀ tilẹ̀ ń rà. Ìyá tí ó ń gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀, tí ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lóru, àìsàn ni ó ń ṣe é. Ẹni tí ó bá tìtorí èyí pè é ní àjẹ́ ti dẹ́ṣẹ̀ sí Òfin Kẹrin àti sí Òfin Kẹjọ pẹ̀lú.

3. Àpẹẹrẹ Ẹni Mímọ́ Jeanne Jugan

Ní ìgbà òtútù ọdún 1839, ní Saint-Servan ní ilẹ̀ Faransé, Jeanne Jugan, obìnrin tálákà tí ó ti ṣe iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ rí, mú ìyá arúgbó kan tí ó fọ́jú wá sí ilé rẹ̀, ó sì fún un ní ibùsùn tirẹ̀. Òmíràn tún dé lẹ́yìn rẹ̀. Jeanne gbé apẹ̀rẹ̀ kiri láti tọrọ ohun tí wọn yóò jẹ. Báyìí ni ẹgbẹ́ àwọn Arábìnrin Kékeré ti Àwọn Tálákà ṣe bẹ̀rẹ̀. Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún kéde rẹ̀ ní Ẹni Mímọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 2009. Ilé tí ó dá sílẹ̀ kì í ṣe ibi tí a ń gbé arúgbó jù sí. Láti inú ibùsùn tí ẹnìkan yọ̀ǹda ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

4. Bí a ó ṣe yan ibi ìtọ́jú

a) Kí a gbọ́ ohùn òbí fúnra rẹ̀. Kí a má ṣe fi irọ́ mú un kúrò nílé.

b) Kí gbogbo ọmọ jókòó pọ̀, kí wọ́n pinnu ẹni tí yóò san owó àti ẹni tí yóò máa bẹ̀ ẹ́ wò. Kí a má ṣe di gbogbo ẹrù lé ọmọbìnrin kan ṣoṣo lórí nítorí pé òun ni ó wà nítòsí.

d) Kí a lọ wo ibẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ní àkókò oúnjẹ, láìsọ tẹ́lẹ̀. Ta ni ó ń ṣọ́ wọn lóru? Ṣé omi mímu wà nítòsí ibùsùn? Ṣé wọ́n ń yí ẹni tí kò lè dìde padà ní bíi wákàtí méjì-méjì, kí ara rẹ̀ má bàa dégbò?

e) Kí a tẹ́tí sí bí wọ́n ti ń pe àwọn àgbà, kí a sì rí i pé ẹnìkan gbọ́ èdè òbí wa níbẹ̀. Ìyá tí ó gbọ́ Yorùbá nìkan yóò dà bí odi láàrin àwọn tí ó gbọ́ Faransé nìkan.

ẹ) Kí a bèèrè bóyá alùfáà lè máa wá. Sákrámẹ́ǹtì Ìfòróróyàn Àwọn Aláìsàn kì í ṣe ti ẹni tí ó ń kú lọ nìkan. Àgbà onígbàgbọ́ tí ara rẹ̀ ń rẹ̀ sí i lè gbà á pẹ̀lú.

Níbi tí kò bá sí irú ilé bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n yìí kan náà ni kí a fi yan ẹni tí yóò máa tọ́jú òbí nínú ilé.

5. Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fi òbí sí ilé ìtọ́jú?
Ìdáhùn: Rárá, bí ó bá jẹ́ ire rẹ̀ ni a ń wá. Ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fi í síbẹ̀ kí a lè gbàgbé rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé owó tí mo ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù kò tó?
Ìdáhùn: Owó ń ra oògùn àti oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò lè jókòó ti òbí. Máa bẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọ̀nà bá jìn, jẹ́ kí ó máa gbọ́ ohùn rẹ.

Ìbéèrè: Bí òbí mi kì í bá ṣe Kristẹni ńkọ́?
Ìdáhùn: Ọlọ́run kò ya òbí kan sọ́tọ̀ nínú òfin rẹ̀. Ìrìbọmi tí ìwọ yóò gbà kò dín ọ̀wọ̀ tí o jẹ òbí rẹ kù.

Iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ yìí: Lọ kí àgbà kan tí ẹnikẹ́ni kì í sábà bẹ̀ wò. Jókòó, kí o sì jẹ́ kí òun ni ó sọ̀rọ̀ jù.

Àdúrà: Olúwa Jésù, ìwọ tí o rántí ìyá rẹ nínú ìrora rẹ, fún wa ní ọgbọ́n láti yan ohun tí ó tọ́ fún àwọn òbí wa, àti ẹsẹ̀ tí kò ní rẹ̀ láti máa lọ sọ́dọ̀ wọn. Àmín.