Kí Ẹ Tó Kọ "Medicine" Sínú Fọ́ọ̀mù JAMB

Bí ẹ bá wọ kíláàsì SS3 Sáyẹ́ǹsì lónìí, tí ẹ ní kí àwọn tó fẹ́ ṣe dókítà nawọ́, àwọn tí kò ní í nawọ́ kò ní í ju márùn-ún lọ. Kò burú. Àwọn òbí ẹlòmíràn ti ń pè é ní "Dókítà" láti ìgbà tó ti ń rá kòrò. Àmọ́ ẹ bi àwọn tó nawọ́ pé ọdún mélòó ni wọn yóò fi kọ́ ọ, àti pé ta ló ń fún dókítà ní ìwé àṣẹ. Kíá ni gbogbo kíláàsì yóò dákẹ́ rọ́rọ́. Ìdí nìyí tí a fi gbé ẹ̀kọ́ yìí sára ògiri kí fọ́ọ̀mù tó dé.

Ọdún 6 ni oyè MBBS, ìyẹn bí ìyanṣẹ́lódì kò bá da ètò rú. Lẹ́yìn rẹ̀, ọdún 1 ni haosimanṣípù ní ọsibítù, kí ẹni tó lọ sin ìlú fún ọdún 1 mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ di dókítà ọmọdé tàbí ti ojú yóò tún padà lọ kọ́ ọ fún ọdún mélòó kan sí i. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ẹni tó wọlé ló ń parí rẹ̀. Ìdánwò MB àkọ́kọ́, èyí tó dá lórí anátómì, fisiọ́lọ́jì àti báyókẹ́místrì, ti gbé ọ̀pọ̀ lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Mi ò fi dẹ́rù bà yín o.

Iṣẹ́ mẹ́rin ni JAMB ń béèrè fún un: Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́místrì àti Físíìsì. Mátíìsì kò sí níbẹ̀, ni àwọn kan bá sọ ìwé Mátíìsì nù! Ṣùgbọ́n kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọn yóò wò nínú WAEC tàbí NECO, Mátíìsì sì wà nínú rẹ̀. Àwọn yunifásítì kan tún fẹ́ kí ó jẹ́ ìjókòó kan ṣoṣo.

Ó wá ku ilé ìwé, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. NUC ló ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ yunifásítì, ṣùgbọ́n MDCN ni ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà. MDCN ló ń wo ọsibítù, olùkọ́ àti irinṣẹ́ ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, òun ló sì ń sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n lè kọ́ lọ́dún. Ilé ìwé kan lè máa ta fọ́ọ̀mù kí MDCN tó gbà pé kí ó kó akẹ́kọ̀ọ́ wọ wọ́ọ̀dù. Òmíràn lè gba èèyàn ju iye tí wọ́n fún un lọ. Ìyà rẹ̀ kì í jẹ ọ̀gá ilé ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sójú kan fún ọdún mélòó kan, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti parí, ló ń jẹ ẹ́. Ẹ lọ wo orúkọ ilé ìwé yín nínú ìwé MDCN fúnra yín. Ẹ má gba ti pátákó ìpolówó gbọ́.

Ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí, Yunifásítì Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ló ń lo UCH. Ti Èkó wà ní Ìdí-Àràbà, ti LASU wà ní Ìkẹjà, ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀, ti Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣàgámù. Ní ti UNIMED tó wà ní Oǹdó, iṣẹ́ ìlera ni gbogbo yunifásítì náà dá lé. Ẹni tó bá ń wo Ìbàdàn tàbí Èkó, kí ó fi í ṣe àkọ́kọ́, torí wọn kì í wo ẹni tó fi wọ́n sípò kejì. Ọmọ ìpínlẹ̀ sì máa ń rí ojúrere ní yunifásítì ìpínlẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti aládàáni, ẹ béèrè owó ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kì í ṣe ti ọdún kìíní nìkan.

Àbí dókítà nìkan ló ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ni? Apòògùn ń lo ọdún 5 tàbí 6 ní yunifásítì. Ọdún 5 ni ti àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní láàbù, bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tó ń ya àwòrán egungun. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko tí a ń pè ní CHEW ń kọ́ṣẹ́ ní School of Health Technology, àwọn ló sì máa ń wà ní ibùdó ìlera níbi tí dókítà kò sí.

Ti nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí. Yunifásítì wà fún un, ọdún 5. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì náà wà, ẹni tó bá gba ibẹ̀ ṣì lè gba Direct Entry wọ yunifásítì lẹ́yìn náà. Èyí tí kò sí nínú ọ̀nà yìí ni "ọgsílíàrì": kìlíníkì àdúgbò tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin, tí ó ń wọ̀ wọ́n láṣọ funfun, tí ó sì ń fún wọn ní sátífíkéètì tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí Nàìjíríà kò mọ̀ ọ́n. Kò sí ọsibítù ìjọba tó lè fi sátífíkéètì yẹn gba èèyàn ṣe nọ́ọ̀sì, owó àti ọdún sì ti lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé nọ́ọ̀sì kéré. Ìyáàfin Kòfówórọlá Àbẹ̀ní Pratt ti ṣe tíṣà kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' ní London ní 1946. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di mátírọ̀nù UCH, ó sì di kọmíṣánnà ètò ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB wà lọ́dọ̀ kánsẹ́lọ̀ wa. Ẹ̀dà kan péré ni, ẹ má ya ojú ìwé rẹ̀ o. Ẹ̀yin SS1 tó fẹ́ já Físíìsì sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ wò ó.