Bí Ọba Bá Fi Erin Funfun Ta Ọ́ Lọ́rẹ

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu yín: bí iṣẹ́ kan bá ti gbówó púpọ̀, kíá lẹ ó ti pè é ní "white elephant", erin funfun. Ẹ rọra. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá wọ́n ni erin funfun. Cocoa House tó wà ní Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn wọ́n nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, ṣùgbọ́n láti 1965 tí wọ́n ti ṣí i làwọn èèyàn ti ń yá ọ́fíìsì níbẹ̀. Iná jó o ní 1985, wọ́n tún un ṣe, àwọn èèyàn sì padà wọ̀ ọ́. Afárá Third Mainland l'Ékòó wọ́n, àmọ́ ẹ wo iye mọ́tò tó ń gba orí rẹ̀ kọjá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ohun tó wọ́n tó sì ń ṣiṣẹ́, ó kàn wọ́n ni. Ọ̀rọ̀ erin funfun yàtọ̀.

Erin náà wà lóòótọ́. Ilẹ̀ Síámù, tí wọ́n ń pè ní Táílàńdì lónìí, ni òkìkí rẹ̀ ti pọ̀ jù. Kò funfun tó bí orúkọ rẹ̀ ṣe sọ; pupa rúsúrúsú ni, ẹyinjú rẹ̀ kò dúdú tó ti erin yòókù, èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ ló mọ́ díẹ̀. Àwọn tó mọ àmì rẹ̀ láàfin ló máa ń yẹ̀ ẹ́ wò wínníwínní kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà gbà pé ìyá Búdà lálàá rí erin funfun nígbà tó fẹ́ lóyún rẹ̀, torí náà ẹnikẹ́ni tó bá rí irú rẹ̀ nínú igbó, ọba ló ni ín. Láyé àtijọ́, àwọn erin yòókù máa ń wọ́ gẹdú, wọ́n ń ru ẹrù. Ti ọba kì í ṣiṣẹ́ kankan. Síbẹ̀ ó ń jẹun: erin tó ti dàgbà lè jẹ koríko àti ewé tó tó 150 kílò lóòjọ́, ó sì lè lo 60 ọdún láyé.

Ìtàn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá ń sọ ni pé, bí ìjòyè kan bá ṣẹ ọba Síámù, ọba kò ní bẹ́ ẹ lórí, kò sì ní lé e nílùú. Á fi erin funfun ta á lọ́rẹ ni. Ta ló máa kọ ẹ̀bùn ọba? Ìjòyè á wólẹ̀, á dúpẹ́, á mú un lọ sílé. Kò lè tà á, kò lè pa á, kò lè fi ṣiṣẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ebi pa á. Kò ní pẹ́ tí erin ó fi jẹ oko rẹ̀ tán, tí yóò jẹ àpò rẹ̀ tán, tí yóò wá kan òun fúnra rẹ̀.

Èmi ò gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ní 1563, Bayinnaung ọba Bọ́mà ránṣẹ́ sí ọba Síámù ní Ayutthaya pé kó fún òun nínú àwọn erin funfun rẹ̀. Ọba náà kọ̀, ogun sì dé. Lọ́dún kejì Ayutthaya túúbá, wọ́n sì kó erin lọ. Àwọn tó ń tìtorí erin jagun kọ́ ni yóò máa fi ta ẹni tí wọ́n kórìíra lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n bí ìtàn ìjòyè yẹn kò bá tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ rí ní Síámù, ó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ níbòmíràn.

Montreal ní Kánádà kọ́ pápá ìṣeré ńlá fún Òlíńpíìkì 1976. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni eré náà. 2006 ni wọ́n tó san gbèsè rẹ̀ tán. Ní Manaus, láàárín igbó Amazon ní Brazil, wọ́n kọ́ pápá tó gba èèyàn tó lé ní 40,000 fún Ife Àgbáyé 2014. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n gbá níbẹ̀ nínú ìdíje náà, ìlú náà kò sì ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá tí yóò máa kún un. Nílé níbí, a ní Ajaokuta. 1979 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ irin náà sílẹ̀, títí di òní olónìí ìléru ńlá rẹ̀ kò tíì yọ́ irin kankan fún wa, owó òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì ń jáde nínú ìṣúná ìjọba àpapọ̀. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, torí ìjọba kọ́ ni mo ń bá wí.

Ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ilé kan wà ládùúgbò wa tí ọmọ wa kan tó wà ní London kọ́: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, yàrá mẹ́sàn-án, òpó mẹ́rin gàgàrà níwájú, géètì tí wọ́n fi ọ̀dà wúrà kùn lórí. Ìgbà Kérésì nìkan ló ń wá, kì í sì í ṣe gbogbo Kérésì. Mẹ́gáàdì ti gbin ewédú àti àgbàdo yí ilé náà ká. Agbọ́n ti kọ́lé sójú fèrèsé òkè. Òjò ti wọ ibì kan lórí òrùlé, àjà pálọ̀ ti wú, ó ń já lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sórí àga tí wọn ò tíì bọ́ ọ̀rá lára rẹ̀. Owó mẹ́gáàdì, owó ẹni tó ń tún òrùlé ṣe, owó dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń tan jẹnẹrétọ̀ lóòrèkóòrè kó má baà dákú, oṣooṣù ló ń fi ránṣẹ́. Òun alára ń gbé yàrá kan ṣoṣo ní London, iṣẹ́ òru ló sì ń ṣe. Ó ní kí n bá òun wá ẹni tó máa rà á. Níbo ni mo ti fẹ́ rí i? Yàrá méjì méjì làwọn tíṣà ń wá kiri nílùú wa.

Àwọn àgbà ní a kì í ru ẹran erin sórí ká tún máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Òkú erin nìyẹn o. Ẹni tó bá ń bọ́ ààyè erin, ìrẹ̀ náà ni yóò padà máa wà jẹ.

Èyí tó wá jọ ti Síámù jù lọ ni èyí tí ẹ kò tilẹ̀ kà sí ohun tó ń jẹun: ọlá. Kábíyèsí ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ fi ọ́ jẹ Bọ́bagúnwà. Ìjọ sọ ọ́ di Bàbá Ìjọ kó o tó pé ogójì ọdún. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní ìwọ ni alága ìkówójọ. Kò sẹ́ni tó bi ọ́ pé èló lo ní. O dọ̀bálẹ̀, o dúpẹ́. Aṣọ oyè, màlúù, onílù, ti ọjọ́ kan nìyẹn, èèyàn lè yáwó ṣe é. Ti ọdọọdún ló ń jẹun: ọdún ìlú, ìsìnkú ìyá olóyè ẹlẹgbẹ́ rẹ, akọrin tó pe orúkọ rẹ lójú agbo tí gbogbo ojú sì yíjú sí ọ. Kò ṣeé tà, kò ṣeé dá padà. Mo mọ ẹni tó ta ilẹ̀ tó rà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nítorí oyè.

Mi ò ní kí ẹ má joyè. Àwọn tí agbára wọn ká a wà, ìlú sì nílò wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ tó jẹ́ pé owó ilé-ìwé ọmọ ṣì ń dà ọ́ láàmú, rán àgbà kan nílé yín sí ààfin, kó bá ọ fi ọ̀wọ̀ tọrọ àyè fún ọdún díẹ̀. Kábíyèsí ti gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, wọn ò bínú.

Bó bá jẹ́ ilé lo fẹ́ kọ́, kọ iye tí yóò máa jẹ lóṣù sórí ìwé kó o tó ra búlọ́ọ̀kù kankan, kó o sì fi han ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé. Bó bá ti wà nílẹ̀, pín in sí yàrá méjì méjì, fi háyà fún tíṣà àti nọ́ọ̀sì, má wo ojú géètì. Ní ti jíìpù tòkunbọ̀ tí táyà rẹ̀ kan ń gba owó oṣù rẹ, tà á nígbà tó ṣì ń rìn. Lọ́jọ́ tó bá dákú, iye tí wọ́n ń ra àlòkù irin ni wọ́n máa rà á.