Sípánà Aláfẹ́fẹ́: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Bí sípánà aláfẹ́fẹ́ bá ń pariwo ṣùgbọ́n tí kò tú nọ́ọ̀tì táyà mọ́, ọ̀pọ̀ fọkanáísà á sáré lọ fi kún agbára afẹ́fẹ́. Ìyẹn kò wò ó sàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ńṣe ni inú rẹ̀ gbẹ, tàbí kí omi ti wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi omi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ tiwa, pàápàá nígbà òjò. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á fún un pọ̀, á gbóná. Tó bá wá tutù nínú táńkì, omi á jọ sí ìdí táńkì náà. Bí a kò bá tú u, á bá róbà lọ sínú sípánà, táńkì fúnra rẹ̀ á sì máa dógùn-ún láti inú. Nítorí náà, nírọ̀lẹ́, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dínkù, kí ẹ wá rọra ṣí kọ́ọ̀kì tó wà nídìí táńkì. Omi pupa ló sábà máa ń kọ́kọ́ jáde. Ẹ má tì í títí yóò fi ku afẹ́fẹ́ nìkan.

Ó wá kan ọ́ìlì. Láàárọ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ sípánà lára róbà. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, tírígà ò mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọ iṣẹ́. Ẹ dorí sípánà kodò kí ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé kọjú sókè. Ẹ kán ọ́ìlì sí i lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ má dà á. Ẹ tẹ tírígà kí ọ́ìlì lè rọ́nà wọlé. Ẹ so róbà padà, ẹ fi àkísà bo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, ẹ gbé ojú kúrò níbẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó yí fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20. Ẹ wá yẹ àkísà wò. Bí ohun tó tú sí i bá dúdú tàbí tó pupa, ẹ tún kán òmíràn títí yóò fi mọ́. Ẹ ṣe bákan náà nírọ̀lẹ́ kí ẹ tó gbé e pamọ́. Lójú tèmi, ti ìrọ̀lẹ́ gan-an ló ṣe pàtàkì jù, torí òru ni omi tó kù nínú rẹ̀ ń ráyè jẹ irin.

Ọ́ìlì wo? Èyí tí wọ́n ṣe fún irinṣẹ́ aláfẹ́fẹ́ ni, ó fúyẹ́. Awẹ́ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ kan wà nínú sípánà náà tí ń yọ síta, tí ń wọlé padà bó ṣe ń yí. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 20W-50 ki jù. Ó ń lẹ awẹ́ wọ̀nyí mọ́ ihò wọn, afẹ́fẹ́ á kàn gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lọ. Kẹrosíìnì ní tirẹ̀ ń fọ inú rẹ̀ ni, kò pẹ́ tó fi gbẹ. Bí awẹ́ bá ti jẹ, gbogbo wọn la ń pààrọ̀ pọ̀.

Òòlù tó wà níwájú nínú sípánà ń fẹ́ gíríìsì tirẹ̀ lọ́tọ̀, torí ọ́ìlì tí a kán kì í sábà dé ibẹ̀. Ní ti agbára afẹ́fẹ́, 90 PSI tó fún ọ̀pọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ìgbà tí sípánà bá ń yí ni kí ẹ ka gééjì.

Bí ẹ bá ń kun mọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, ẹ ní róbà ọ̀tọ̀ fún ọ̀dà. Róbà tí ọ́ìlì ti gbà kọjá rí kò wúlò fún un mọ́: ọ̀dà á máa sá fún ibi tí ọ́ìlì bá kàn, ara mọ́tò á sì yọ ojú ihò wẹ́wẹ́.